Ọjà Faversham nígbà ìrúwé: ohun tí èmi àti màmá mi rí níbẹ̀

Abẹ́ Guildhall, ilé ọjà àtijọ́ tó wà láàárín ojúde, ni màmá mi kọ́kọ́ dúró sí ní Faversham, ìlú kan ní Kent, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò tíì gbójú sókè wo ilé náà rárá. Òpó igi tó gbé e dúró ni wọ́n lọ bá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, wọ́n wo ọkùnrin tó pàtẹ èso sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ní, "Àṣé àwọn èèyàn yìí mọ ibi tó yẹ kéèyàn pàtẹ sí. Òjò ò lè ba ọjà jẹ́ níbí." Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí màmá mi fi ta aṣọ ní Balógun ní Èkó kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìsọ̀ àti òjò ṣeré.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń bá rélùwéè gba ìlú yìí kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Chatham àti Gillingham, orúkọ Faversham lára pátákó nìkan la mọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà irin ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Dover, èkejì gba Margate àti Ramsgate. A kì í sọ̀ kalẹ̀. Bí ìsinmi bá dé, Lọ́ńdọ̀nù ni, tàbí ilé ìtajà ńlá kan tí a ó ti náwó tán. Nígbà tí màmá mi wá kí wa lóṣù kẹrin, tí wọ́n sì ti gba ìsinmi Àjíǹde ní iléèwé ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, mo ní lọ́tẹ̀ yìí a ó sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì la lọ, nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjà wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ lọ́jọ́ ọjà. Mo ti dá padà lọ ní Ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn ìyẹn. Ojúde náà ṣì rẹwà, àmọ́ ó dà bí ilé tí onílé ò sí nínú rẹ̀.

Láti ibùdókọ̀, Preston Street ni ẹ ó tẹ̀ lé títí. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fún ẹni tí orúnkún kò dùn. Tiwa gba wákàtí kan, nítorí a yà sí Fleur de Lis, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ìtàn ìlú náà. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń ṣe níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé iṣẹ́ ẹ̀tù kan nítòsí gbiná, ó bú gbàmù, èèyàn 108 sì kú. Oṣù kẹrin náà la wà. Màmá mi ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rírú ẹ̀," a sì jáde.

Bí Preston Street ṣe ń tán lọ ni ẹ ó máa gbọ́ ariwo ọjà kí ẹ tó rí i. Lẹ́yìn náà ni ojúde yóò ṣí sílẹ̀ lójijì. Àwọn ilé tó yí i ká kò bára wọn mu: èyí jẹ́ bíríkì pupa, èyí jẹ́ igi dúdú tí wọ́n fi ẹfun dí láàárín, òmíràn fì síwájú bí àgbàlagbà tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ mi nàka sí ilé sinimá tó wà níbẹ̀, ó ní òun ló dàgbà jù. Mo ní rárá o, 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n kàn ṣe é kó jọ tayé àtijọ́ ni. Guildhall tó wà láàárín ni àgbà. 1574 ni wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ilé ọjà, tí wọ́n gbé e lé orí òpó igi kí àwọn ọlọ́jà lè pàtẹ sábẹ́ rẹ̀. Ní 1603 wọ́n sọ òkè rẹ̀ di ibi tí àwọn aṣáájú ìlú ti ń ṣèpàdé. Wọ́n tún òkè náà kọ́ ní 1814, ṣùgbọ́n àwọn òpó ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọjà tìkára rẹ̀ tilẹ̀ dàgbà ju ilé náà lọ fíìfíì: ó wà nínú Ìwé Domesday tí Ọba William ní kí wọ́n fi ka ilẹ̀ àti dúkìá ìlú rẹ̀ ní 1086.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún màmá mi, ojú wọn tàn. "Àwọn olórí lókè, ọlọ́jà nísàlẹ̀. Ọjà Ọba náà nìyẹn!" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ọjà ṣe máa ń wà níwájú ààfin ní Àkúrẹ́ àti ní Òṣogbo nìyẹn, kí ọba lè gbúròó ìlú láti ibi tó jókòó sí. Mo ti rìn káàkiri ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n ti sọ ojúde wọn di ohun àwòrán, tí kò sí nǹkan tí èèyàn lè rà níbẹ̀ ju súfẹ́nì lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn ní Faversham ni pé ojúde rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ra kárọ́ọ̀tì níbẹ̀ kò wo ilé kankan. Oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n wá rà.

Ìgbà ìrúwé sì ni kí ẹ lọ. Lóṣù kẹrin, oòrùn ti ń pẹ́ kó tó wọ̀, àwọn tó ń ta òdòdó ti gba ìdajì ọjà, ewé tútù sì ti ń yọ lára gbogbo igi. Ẹ má tìtorí oòrùn gbàgbé súwẹ́tà o. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti ibi tí omi òkun ti ń wọ ìlú náà kò mọ̀ pé òtútù ti lọ. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ tó lágbára, Brogdale kò jìnnà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú irúgbìn èso fún gbogbo Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yà ápù tó wà níbẹ̀ nìkan lé ní 2,000. Igi ṣẹ́rì ló ń kọ́kọ́ tanná, ápù a tẹ̀ lé e ní ìparí oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún. Àwa ò lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Láti ojú ọjà, a gba Court Street. Òórùn kan gba gbogbo afẹ́fẹ́ níbẹ̀, ọmọ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: "Màmá àgbà, ó ń rùn bíi Maltina!" Kò purọ́. Ilé ìpọntí Shepherd Neame ni, tí wọ́n fi 1698 ṣe ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àárín ìlú gan-an ló sì wà títí di òní. Ọtí bíà ni wọ́n ń pọn, ṣùgbọ́n bàlì tí wọ́n fi ń pọn ọ́n náà la fi ń ṣe móòtì wa. A kì í mutí nílé wa, síbẹ̀ a dúró díẹ̀ ká lè gbóòórùn náà dáadáa.

Iwájú rẹ̀ ni Abbey Street, òpópónà tó rẹwà jù nínú ìlú náà lójú tèmi. Ọba Stephen dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin òun, ayaba rẹ̀ Matilda àti Eustace ọmọ wọn sí. Ọba Henry kẹjọ ti ilé náà pa ní 1538, wọ́n sì wó o. "Ojú oórì ọba dà?" Mo ní kò sí mọ́. Màmá mi mirí, wọn ò fèsì. Òpópónà tó kù yìí pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ó ti di ẹgẹrẹmìtì débi pé wọ́n fẹ́ wó ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, kí àwọn kan tó dìde pé kí wọ́n tún wọn ṣe dípò kí wọ́n wó wọn. Èèyàn ló ń gbé inú wọn báyìí. Aṣọ wà lórí okùn, kẹ̀kẹ́ ọmọdé wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni màmá mi ti dákẹ́ pátápátá. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní rárá, Ilojo Bar ni àwọn ń rò. Ẹni tó mọ Ìta Tinúbú ní Èkó dáadáa á mọ ilé náà: ilé alájà tí ìdílé Fernandez kọ́ láyé ọdún 1855, ní irú iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn Àgùdà mú ti Brazil bọ̀, tí òkè ojú fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Láti 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. "Iwájú rẹ̀ ni mo ti máa ń dúró de àwọn oníbàárà mi," ni màmá mi wí. "Ọjọ́ Ajé tí mo débẹ̀, òkúta àti eruku ni mo bá." Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó dùn mí pé ilé táwọn ará Faversham gbà là ni èmi àti ọmọ mi ń wò, tí mi ò sì lè fi ti Èkó hàn án láé àfi nínú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àléébù tó wà níbẹ̀. Ibi ìjókòó kò pọ̀ tó lójú ọjà fún àgbàlagbà. Òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kò rọrùn fún orúnkún tàbí kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ilé tíì kan tí a wọ̀ fi wá dúró fún ohun tó ju ìṣẹ́jú ogójì lọ, tíì náà sì ti tutù nígbà tó dé, nítorí náà ẹ gbé fúláàsì dání. Ẹ má sì pẹ́ jù: nígbà tí ọ̀sán pọ́n tán, àwọn kan ti ń palẹ̀ àtẹ wọn mọ́. Láìka ìyẹn sí, bí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá tó wá kí yín láti ilé, mi ò mọ ibòmíràn nítòsí tí mo lè mú wọn lọ tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀.

Kí a tó lọ wọ rélùwéè, a padà sọ́dọ̀ ọkùnrin eléso abẹ́ Guildhall. Màmá mi yan ápù mẹ́fà, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bínú. Mo sanwó tán, a ti ń lọ, ló bá na ápù kan sí i sí ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín. Màmá mi dúró sójú kan.

"Èènì ló fún un yẹn?"

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀la kọ́ ni Sátidé? Ká padà wá. Mo fẹ́ ra púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."