Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń kó DVD ìnáwó sórí flash

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwo DVD ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú òbí yín nílé. Ẹ̀rọ DVD ti ń kúrò nílé oníkálukú, ojú USB ló kù lára tẹlifíṣọ̀n. Ìdí nìyẹn táwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń bá èèyàn kó fídíò láti inú àwo sórí flash fi pọ̀ káàkiri. Àwọn tó ń fi òótọ́ inú ṣe é wà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ọ́ di gbájúẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń bà jẹ́ kì í ṣe èyí téèyàn lè padà lọ rà lọ́jà.

Màmá kan ládùúgbò wa gbé àwo mẹ́ta lọ fún irú wọn, fídíò ìsìnkú ọkọ wọn. Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ta flash kan fún wọn tí wọ́n kọ 2TB (bíi 2000 GB) sí lára, ó ní òun ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀, pé òun tún ti sọ àwòrán rẹ̀ di 4K, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere gan-an. Nígbà tí màmá fi í sára tẹlifíṣọ̀n, orúkọ fáìlì ń hàn, ṣùgbọ́n kò ṣí. Wọ́n padà lọ bá a, ó ní tẹlifíṣọ̀n wọn ló ti gbó, kí wọ́n san owó míì kóun tún un ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé flash náà wá bá mi.

Ohun tí mo bá nínú ẹ̀ bí mi nínú. Fáìlì bíi mẹ́rin fún àwo kọ̀ọ̀kan, orúkọ gbogbo wọn parí sí .mp4, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 GB géérégé. Inú àpò tó ń jẹ́ VIDEO_TS ni fídíò DVD máa ń wà, ní fáìlì VOB, VOB kan kì í sì í ju 1 GB lọ. Ìdí nìyẹn tí òde kan ṣoṣo fi máa ń já sí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò yí nǹkan kan padà. .VOB ló pa rẹ́, ó kọ .mp4 dípò rẹ̀. Mo fi VLC, ètò tó ń ṣí fídíò lórí kọ̀ǹpútà, ṣí i, mo wo kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀: MPEG-2 ni àwòrán ṣì jẹ́, AC-3 ni ohùn, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa fídíò mọ́ sórí DVD, bí wọ́n ṣe wà nínú àwo gan-an. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló jẹ́ pé àwòrán H.264 àti ohùn AAC, ọ̀nà míì tó yàtọ̀ síyẹn, ni wọ́n ń retí nínú mp4. Orúkọ tuntun kò lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, àfi kí kọ̀ǹpútà tún fídíò náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Irọ́ gbuu sì ni ti 4K yẹn. Àwòrán DVD tiwa ní Nàìjíríà, àmì kéékèèké 720 lórí 576 ló para pọ̀ di í, kò sún mọ́ ti 4K rárá. Wọ́n lè fẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí kámẹ́rà kò yà kò lè tibẹ̀ yọ.

Ti flash yẹn ló burú jù. Ayédèrú ni. Wọ́n ti ṣe inú rẹ̀ kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé 2TB lòun, bẹ́ẹ̀ ohun tó lè gbà kò ju 8 GB lọ. Ohun téèyàn bá kó sí i lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ á hàn, ìwọ̀n á hàn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ṣófo, tàbí kó gorí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó bà á jẹ́. Àwo kìíní pé, èkejì dé ìdajì, ẹ̀kẹta kò sí rárá. Inú àwo kẹta yẹn ni ìyá ọkọ wọn, tí àwọn náà ti di olóògbé, ti ń ki ọmọ wọn ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Màmá sì ti fi àwo sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, torí ọmọkùnrin náà sọ fún wọn pé kò wúlò mọ́. Nígbà tá a débẹ̀, ó ní òun ti dà á nù. Inú mi ò tíì rọ̀.

Torí náà, ẹ dákun, ẹ gba àwo yín padà lẹ́yìn iṣẹ́, kódà kó ti ha. Ẹ fúnra yín ra flash tẹ́ ẹ máa lò. 32 GB ti tó: àwo tó wọ́pọ̀ kì í gbà ju 4.7 GB lọ, mẹ́ta kò tó 15. Kẹ́ ẹ tó kó nǹkan kan sí i, ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọ́n á kọ nǹkan sínú flash náà títí á fi kún bámúbámú, wọ́n á wá kà á padà, àṣírí á tú. Ó máa ń pẹ́, ẹ fún un láyè.

Ní ṣọ́ọ̀bù, tẹlifíṣọ̀n ni kí wọ́n fi ṣí i fún yín, ẹ má gbà fún kọ̀ǹpútà wọn, torí VLC máa ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo nǹkan. Ìparí fáìlì tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wò, ìbẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń sáré fi hàn. Ẹni tó bá sì ní òun á ṣe àwo mẹ́ta tó kún láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé ẹrù yín. Àkókò yẹn kò tó ẹ̀rọ láti ka àwo mẹ́ta tán, ká má tíì sọ ti yíyí padà.

Bẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà lò nílé, HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, ló máa ṣe é. Òun ni mo fi tún ti àwo kìíní ṣe fún màmá, ó sì ń ṣí báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, handbrake.fr ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín, tàbí tó ń béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì, ẹ sá fún un. Ẹ yan mp4, H.264 àti AAC, kẹ́ ẹ sì tan deinterlace kí ojú àwòrán má baà máa ya ní ìlà-ìlà nígbà táwọn èèyàn bá ń jó. Tí flash bá jẹ́ FAT32 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to inú flash), fáìlì kan kò gbọ́dọ̀ tó 4 GB, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní wọlé.

A ti kó flash náà àti rìsíìtì jọ, ẹ̀sùn ń lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹ̀yin tí àwo yín ṣì wà lọ́wọ́ irú wọn, ẹ lọ gbà á lónìí.