Fítámì D orí káńtà àti èyí tí dókítà kọ: èwo ló tó kéèyàn náwó lé?

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham àti Woolwich, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ nípa fítámì D yìí, èyí tó wà fún egungun, torí bí òtútù bá ti ń dé báyìí ni ìbéèrè máa ń ya wọlé pé èwo ni káwọn rà, ṣé olówó ńlá inú ìgò dúdú yẹn ni àbí ti súpámákẹ́ẹ̀tì, àbí káwọn kúkú lọ bá GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, kó kọ ọ́ fáwọn. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá gbọ́ tẹnu mi.

Ti súpámákẹ́ẹ̀tì ni n ó kọ́kọ́ mú. Hóró kékeré funfun, míkírógíráàmù 10, àwọn ìgò míì á kọ ọ́ sí 400 IU, ìyẹn òṣùwọ̀n míì tí wọ́n fi ń wọn fítámì, ọ̀kan náà ni o, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá yẹn dẹ́rù bà yín. Kò ládùn, ìgò ẹ̀ ò sì jọjú rárá. Àmọ́ iye tí NHS, ètò ìlera ìjọba ibí, ní kéèyàn máa lò lóòjọ́ láti Ọ̀kìtóbà dé ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì nìyẹn gẹ́lẹ́. Àwa aláwọ̀ dúdú ní tiwa, wọ́n ní ká rò ó ká máa lò ó yíká ọdún, nítorí oòrùn tó bá kan awọ ara lara fi ń ṣe fítámì yìí, dúdú ara wa sì máa ń dí oòrùn lọ́nà, bẹ́ẹ̀ oòrùn ibí gan-an kì í ṣe oòrùn, oòrùn wo lèèyàn ń yá tó ṣì wọ kóòtù sọ́rùn? Owó ẹ̀ ò ju pọ́ùn mélòó kan lọ, ó sì ń pẹ́ kó tó tán. Máàkì 9 nínú 10. Máàkì kan tó kù, ọmọrí ìgò ẹ̀ ni mo fi yọ ọ́, ó le jù.

Olówó ńlá wá ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù kan tó kún fún òórùn ewé àti àbẹ́là ni mo ti rà á, mi ò ní dárúkọ wọn. D3 pẹ̀lú K2, ìyẹn fítámì D àti irú fítámì K kan, 4,000 IU nínú hóró kan ṣoṣo. Ẹni tó tà á fún mi lẹ́nu gan-an, ó ní àárẹ̀ á lọ, irun á hù, oorun á dùn, kò sóhun tí ò ní ṣe tán, àmọ́ kò bi mí lẹ́ẹ̀kan pé oògùn wo lò ń lò tẹ́lẹ̀ tàbí pé ṣé kíndìnrín ń yọ ẹ́ lẹ́nu. 4,000 IU yẹn, míkírógíráàmù 100 ni, orí ààlà tí NHS ní kágbàlagbà má kọjá lóòjọ́ ló sì jókòó sí. Tó o bá wá gbé e mì láàárọ̀, o fi multivitamin lé e lọ́sàn-án, o tún fi ṣíbí cod liver oil tí mọ́mì ní kó o máa lá lé e lálẹ́, o ti ré ààlà kọjá láìmọ̀, torí fítámì D wà nínú àwọn yẹn náà. Bó bá pẹ́ tó ń rí bẹ́ẹ̀, calcium á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè ba kíndìnrín àti ọkàn jẹ́, egungun tó o tìtorí ẹ̀ ra oògùn náà gan-an lè di aláìlágbára. Ti K2 yẹn náà, ẹni tó bá ń lo warfarin kó má fọwọ́ kàn án láìbi dókítà, torí iṣẹ́ fítámì K ni kó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, iṣẹ́ warfarin sì ni kó má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àwọn méjèèjì ò lè jọ gbé. 4 nínú 10, ìgò tó rẹwà ló gba méjì nínú ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń ṣe bíi ṣuwíìtì, tọ́mọdé bá wà nílé ẹ gbé e jìnnà sí wọn, pàápàá tí áyọ́ọ̀nù (iron) bá wà nínú ẹ̀. Àpọ̀jù áyọ́ọ̀nù lè pa ọmọ.

Ó kan ti dókítà. GP ní kí n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, èsì jáde pé ó lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n wá kọ 50,000 IU fún mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ wo bí iye yẹn ṣe tó! Ẹnì kan ò gbọdọ̀ fúnra ẹ̀ dán irú ẹ̀ wò láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Apòògùn tó kó o fún mi béèrè àwọn ìbéèrè tí oníṣọ́ọ̀bù ò béèrè, £9.90 ni mo san, ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún kì í san, àwọn ará Scotland àti Wales náà kì í san. Lẹ́yìn tó tán, GP ní kí n lọ máa ra ti káńtà. Àwọn èèyàn máa ń bínú sí èyí, wọ́n á ní torí aláwọ̀ dúdú làwọn ni wọ́n ò ṣe fún àwọn lóògùn, àmọ́ láti 2018 ni NHS England ti ní káwọn GP yé kọ fítámì téèyàn lè fowó kékeré rà fúnra ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa wò lára páálí ni lẹ́tà méjì yìí, PL, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn ẹ̀. Ó wà lára oògùn dókítà, ó wà lára paracetamol tẹ́ ẹ̀ ń rà lórí káńtà. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé MHRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn, ti yẹ oògùn yẹn wò kó tó dé ọjà. Fítámì inú ìgò dúdú yẹn ò ní in, torí lójú òfin, oúnjẹ ni, kò sẹ́ni tó ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Àgbo tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, THR ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀, ìyẹn ò sọ pé wọ́n ti dán an wò tó sì ṣiṣẹ́ o, wọ́n kàn gbà pé ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ti káńtà máa ń tó nígbà gbogbo. Ẹ wo folic acid, fítámì tí obìnrin tó fẹ́ lóyún máa ń lò. Ní kẹ́mísì Ìbàdàn, hóró yẹ́lò 5 miligíráàmù, owó kékeré lo máa fi rà á, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Níbí, 400 míkírógíráàmù ni wọ́n ń tà lórí káńtà, 5 miligíráàmù yẹn, tó jẹ́ 5,000 míkírógíráàmù, ìwé dókítà ló ń gbé e jáde. Obìnrin tó bá ní síkúsẹ̀ẹ̀lì tó fẹ́ lóyún, 5 miligíráàmù ni NHS ń fún un, torí náà ti káńtà Rye Lane ní Peckham ò ní tó o, kó gba ọ̀dọ̀ GP lọ kó tó lóyún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kó cod liver oil sínú àpótí lọ sílé ní Dìsẹ́ńbà, ẹ béèrè ẹni tó máa lá a. Tí àbúrò yín bá lóyún, ẹ mú un kúrò níbẹ̀, fítámì A inú ẹ̀ lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Tí mọ́mì bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo oògùn wọn sí WhatsApp, kẹ́ ẹ gbé e lọ han apòògùn níbí kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn, ẹ kàn máa tò sórí ìlà díẹ̀.