Rírà písítìnì oversize l'Óṣogbo: ìsọ̀ ilé, Ìbàdàn, àbí Ládípọ̀?

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń mu ọ́ìlì, tó sì ń tú èéfín búlúù bí aró Òṣogbo, kì í ṣe ríìngì (òrùka ara písítìnì) nìkan ló ń fẹ́. Bí ihò sílíńdà bá ti jẹ, ríìngì tuntun á kàn ra oṣù díẹ̀ fún yín ni, èéfín á tún padà dé. Ríbọ́ọ̀, ìyẹn kí wọ́n gé ihò sílíńdà kó fẹ̀ sí i, ló kù, ẹni tó bá sì fẹ́ ríbọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ wá písítìnì tó tóbi ju èyí tó bá ọkọ̀ wá; òun ni oversize.

Písítìnì ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń gé búlọ́ọ̀kù. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i po: mẹkáníìkì á gbé búlọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ onímáṣíìnì, ìyẹn á gé e sí "fifty" (kó fi 0.50 mm fẹ̀ sí i), wọ́n á wá máa wá písítìnì kiri ìlú. 0.50 tó wà lára páálí kì í ṣe ìwọ̀n písítìnì gan-an. Ilé iṣẹ́ méjì lè kọ 0.50 fún ẹ́ńjìnnì kan náà, kí ti ọ̀kan fi 0.02 mm ju ti èkejì lọ. Ó kéré lójú, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Jàpáànì àtijọ́, gbogbo àlàfo tó yẹ kó wà láàárín písítìnì àti ara sílíńdà kò ju nǹkan bí 0.05 mm lọ. Aluminium ni písítìnì, irin ni sílíńdà. Tí ooru bá mú wọn, aluminium ń wú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Bí àlàfo bá há jù, ẹ́ńjìnnì á síìsì, písítìnì á há mọ́ inú sílíńdà. Bó bá fẹ̀ jù, písítìnì á máa gbá ara sílíńdà kíkankíkan, pàápàá láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ mọ nọ́ńbà tí ẹ ń wá. Ẹ ní kí onímáṣíìnì fi bore gauge wọn sílíńdà kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kó wọ̀n ọ́n lóròó, kó tún wọ̀n ọ́n níbùú. Òkè, níbi tí ríìngì àkọ́kọ́ ń dé, ló máa ń jẹ jù. Toyota 3S-FE tó wà nínú Carina, 86.00 mm ni ihò rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun. Bí ibi tó burú jù bá ti di 86.22, ẹ gbàgbé 0.25, torí 0.03 péré ló kù tí irin lè gé, ojú ibi tó jẹ kò sì ní tán. 0.50 ló kàn. Sílíńdà kan tó burú jù ló ń pinnu fún mẹ́ta yòókù. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá wá bàjẹ́ kọjá 1.00, slíìfù (ọ̀pá irin oníhò tó ń di ara sílíńdà tuntun) ni kí wọ́n tì sí i, kí wọ́n gé e bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún èdè inú ọjà náà. Mìlímítà ni ti Jàpáànì: 0.25, 0.50, 0.75, 1.00. Ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni "ten, twenty, thirty, forty", ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì ni wọ́n sì fi ń kà á. "Twenty" jẹ́ 0.508 mm, "thirty" jẹ́ 0.762. Ó sún mọ́ra, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà.

Ó wá kan ọjà. Nínú àwọn ìsọ̀ spare part Òṣogbo, yálà ọwọ́ Òkè-Fìà lẹ wà tàbí ọwọ́ Ìgbọ̀nà, standard (ìwọ̀n tó bá ọkọ̀ wá) ni wọ́n ń tà jù. 0.50 ti 3S àti ti 4A, ẹ́ńjìnnì Toyota méjèèjì, kì í ṣòro rí, 0.25 àti 0.75 ló máa ń wọ́n. Ohun tó mú kí ìsọ̀ ilé dára ni pé ẹni tó tà á fún yín wà nítòsí. Bí kò bá bá a mu, ẹ dá a padà lọ́la, pàápàá bí ọ̀gá mẹkáníìkì yín bá jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni páálí tí wọ́n ti tú. Ẹni tí písítìnì kan fọ́ mọ́ lọ́wọ́ á wá ra ẹyọ kan, wọ́n á fi òmíràn dí àyè rẹ̀, ẹ ó sì lè bá 0.50 mẹ́ta pẹ̀lú 0.75 kan nínú páálí kan náà. Ẹ ṣí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí písítìnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà lórí, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí, ẹ má gbà á.

Àrárọ̀mí tó wà ní Gate, Ìbàdàn, ni a fara mọ́ jù fún ìwọ̀n tó bá há l'Óṣogbo. Ọjà pọ̀ níbẹ̀, ẹ sì lè lọ kí ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ládípọ̀ ní Mushin ló ní oríṣiríṣi jù, ibẹ̀ la sì máa ń darí ẹni tó ń wá ti ọkọ̀ tí kò wọ́pọ̀ sí, ṣùgbọ́n dídá ọjà padà láti Òṣogbo dé Èkó, iṣẹ́ ńlá ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti gáréèjì, ẹ kọ́kọ́ gba fọ́tò orí písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe fọ́tò páálí. Páálí NPR, orúkọ ilé iṣẹ́ Jàpáànì kan, rọrùn láti tẹ̀. Ní ti "Táíwáànì", kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú. Èyí tí ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba sàn ju "original" tí kò dọ́gba lọ. Písítìnì tòkúnbọ̀ ni a kò fọwọ́ sí rárá: ojú ibi tí ríìngì ń jókòó ti fẹ̀.

Ẹ mú ọ̀kan nínú písítìnì àtijọ́ dání lọ sí ìsọ̀, ẹ má kàn ní "ẹ bá mi mú ti Carina". Ẹ fi méjèèjì síra. Láti àárín ihò pin (ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kọ́n-ródù) dé orí písítìnì gbọ́dọ̀ bára mu; bó bá ga jù, ó lè gbá fáàfù, bó bá kúrú, agbára ẹ́ńjìnnì á lọ sílẹ̀. Ẹ wo ihò pin pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì kan ń lo circlip (wáyà kékeré tí kì í jẹ́ kí pin yọ), òmíràn ń ti pin mọ́ kọ́n-ródù pẹ̀lú agbára, písítìnì wọn kò sì lè rọ́pò ara wọn. Bí ẹ bá rí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà yá, ẹ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju gírámù díẹ̀.

Ríìngì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á ra písítìnì 0.50, wọ́n á wá fi ríìngì standard sí i torí pé ó wà nílẹ̀. Bí ihò bá fi 0.50 tóbi sí i, àyíká rẹ̀ fi 1.57 mm gùn sí i, gbogbo rẹ̀ sì ni ẹnu ríìngì á fi yà. Iná á máa gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọ́ìlì. Àwọn tó ń ra 0.75 kí wọ́n lè fáìlì ẹnu rẹ̀ bá 0.50 kò ṣe dáadáa, torí ríìngì náà kò ní rí róbótó mọ́. Ẹ ra 0.50, ẹ tì í sínú sílíńdà, kí ẹ fi feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wọn ẹnu rẹ̀: 0.3 sí 0.4 mm fún 100 mm ihò ni wọ́n sábà ń lò, nǹkan bí 0.3 nìyẹn fún 86.5.

Ẹ kó písítìnì àti búlọ́ọ̀kù lọ pọ̀ sọ́dọ̀ onímáṣíìnì, kó fi máíkírómítà wọn ara písítìnì nísàlẹ̀, lọ́nà tó dábùú pin. Bí èyí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 86.44, tí ìwé ẹ́ńjìnnì sì sọ 0.05, 86.49 ni ihò tirẹ̀. Kó kọ nọ́ńbà sílíńdà sórí písítìnì kọ̀ọ̀kan. Kó gé e ku díẹ̀, kí hone (òkúta tí wọ́n fi ń ha ojú ihò) parí rẹ̀, kí ilà rẹ̀ sì dábùú ara wọn. Tó bá ń fi ojú òkè tó ti jẹ wá àárín ihò, ihò náà á wọ́; ìsàlẹ̀ tí kò jẹ ni kó fi wá a. Lẹ́yìn hone, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, títí aṣọ funfun á fi jáde láìní dúdú. Kẹrosíìnì kì í kó iyanrìn hone kúrò. Kí wọ́n yára fi ọ́ìlì pa á, kó má bàa dípẹtà. Ẹni tó bá gé e dé 1.00, kó fi gásíkẹ́ẹ̀tì lé orí ihò wò kó tó dì í, torí etí gásíkẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ yọ sínú ihò.

Àwọn tó ń gun Peugeot 504 kò nílò ọ̀pọ̀ nínú wàhálà yìí. Slíìfù ẹ́ńjìnnì 1971 cc rẹ̀ ń bọ́, nítorí náà ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń rà: slíìfù mẹ́rin, písítìnì mẹ́rin ti 88 mm, pin àti ríìngì. Ẹ wò ó bóyá síìlì ìdí slíìfù wà nínú páálí. Bí kò bá sí, ẹ rà á lọ́tọ̀ kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀, torí bí wọ́n bá tún ti àtijọ́ lò, omi á máa jò wọ inú ọ́ìlì.