Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń sọ pé àwọn á bá yín dí EGR (páàtì tó ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì) jíìpù dísù, ₦185,000 mi ti lọ!

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, àmọ́ mi ò ní dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní jíìpù tàbí Hilux tó ń lo dísù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó gbé e lọ bá ẹnikẹ́ni.

Prado 3.0 D-4D ni tèmi, tòkunbọ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, òun ni mo fi ń lọ oko. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú, kò sì lè gun òkè dáadáa mọ́. Mẹkáníìkì mi tó ti ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe láti ọdún mẹ́jọ ní EGR ló kún fún èédú, ká tú u, ká fọ̀ ọ́. Ká ní mo ti gbọ́ tiẹ̀ ni! Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe ọmọkùnrin kan fún mi, ó dé tòun ti láptọ́ọ̀pù, ó ní "ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ ó ṣì máa dí padà, ẹ jẹ́ n yọ ọ́ kúrò pátápátá, n ó fi stainless dí ojú ẹ̀, n ó sì tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe kó má wá a mọ́."

Kì í ṣe pé mi ò mọ nǹkan kan o. EGR yẹn ló ń dá díẹ̀ lára èéfín sálẹ́ńsà padà sínú ẹ́ńjìnì, kí iná inú ẹ̀ má bàa gbóná jù, kí gáàsì olóró tó ń jáde lè dín kù. Èédú inú èéfín yẹn á wá pàdé oru ẹ́ńjìn-ọ́ìlì nínú intake, ìyẹn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ọ̀dà. Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, ohun tó fi mú mi nìyẹn, irọ́ pọ́ńbélé ì bá ti tètè yé mi.

₦120,000 fún kọ̀ǹpútà, ₦65,000 fún stainless. Mo san gbogbo ẹ̀ kó tó fọwọ́ kan sípánà. Gbogbo ẹ̀! Ó wá ní oòrùn ń mú, kí n lọ jẹun kí n padà wá. Mo sì lọ. Èmi tí mi ò kì í gbójú kúrò lára mítà nílé epo, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí fún wákàtí méjì. Nígbà tí mo dé, ọkọ̀ ń sáré, iná kankan ò tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, mo tún fún un ní ₦5,000 pé kó fi mu omi. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn dùn mí ju ìyókù lọ.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ẹ̀, lójú ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, a ò tíì kọjá Ìròkò jìnnà tí mo gbọ́ "ṣíìììì" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín sì wọlé bá wa, ọmọ mi ń wúkọ́ lẹ́yìn. Ọjọ́ kejì ni mẹkáníìkì mi wá tú bóòtù méjì, ó fa nǹkan yẹn jáde, ó kàn ń wò mí. Agolo ni! Agolo tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé, ìlà ara agolo ṣì hàn lára ẹ̀, iná ti jó ihò tó tó àtàǹpàkò sí àárín ẹ̀. ₦65,000!

Ó wá ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́ láìsí pé mo sítáàtì. Iná ọ́ìlì tàn, iná bátìrì tàn, check engine, iná tó ń kìlọ̀ pé ẹ́ńjìnì ní ìṣòro, ò tàn rárá. Rewáyà tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó bá téèpù dúdú tí wọ́n fi bo iná náà lẹ́yìn. Wọ́n fi skánà wò ó, kóòdù P0400, ìyẹn kóòdù ìṣòro EGR, ló kọ́kọ́ jáde, wọn ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan. EGR mi ńkọ́? Èyí tí ọmọkùnrin yẹn ní òun "dà nù"? Fífọ̀ lásán ni ìyẹn fẹ́ o, ó dá mi lójú pé ó ti tà á fún ẹlòmíì. Mo pè é, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín ló ti gbó." Ó dá ìpè. Àtìgbà yẹn nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. ₦140,000 ni mo tún fi ra EGR míì, tòkunbọ̀ náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, check engine gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnì bá sítáàtì. Tí kò bá tàn rárá, wọ́n ti fọ́ ọ lójú nìyẹn. Páàtì yín tí wọ́n bá yọ, ẹ gbé e relé. Ẹ má san owó tán kí ẹlòmíì tó fi skánà wò ó. Àní ẹ kàn fọ EGR yín ni. Àbúrò mi tó wà ní London ní láti May 2018, tí wọ́n bá rí i níbi MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, pé ẹ ti yọ ọ́, ọkọ̀ ò ní yege.

Ẹ má sọ fún mi pé kì í ṣe gbogbo wọn, èmi ò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́. Agolo yẹn wà nínú ọkọ̀ mi báyìí, mo wé e sínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá ti bá irú ẹ̀ lẹ́nu EGR tiẹ̀ kó sọ̀rọ̀ síbí, mo fẹ́ mọ iye èèyàn tó ti ṣe é fún.