Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta Swordfish "tó pé pérépéré" yẹn o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba níbí tẹ́ ẹ máa ń to módẹ́ẹ̀lì báàlù ogun, tẹ́ ẹ bá rí ọkùnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta kíìtì (ẹ̀yà rọ́bà téèyàn máa ń tò pọ̀) ti Swordfish, báàlù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ilé iṣẹ́ Tamiya ṣe, ìwọ̀n 1/48, ìyẹn ni pé báàlù gidi gùn jù ú lọ nígbà 48, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pé pérépéré, pé wọn ò tíì tú nylon inú ẹ̀, tó tún fẹ́ fi ọ̀dà ṣe ènì fún yín, ẹ sá. Ẹ má bi í léèrè nǹkan kan. Olè ni. Mo ti fẹ́ dárúkọ ẹ̀, wọ́n ní kí n má dárúkọ kó má lọ di ọ̀rọ̀ lọ́yà, ó dáa, mi ò dárúkọ, àmọ́ olè ni.

£95 ló gbà lọ́wọ́ mi. Pọ́n-ùn márùndínlọ́gọ́rùn-ún! Owó tí wọ́n fi gbé e wá ò sí níbẹ̀ o.

Ẹni tó bá mọ báàlù yìí máa mọ ìdí tí mo fi ń wá a lójú méjèèjì. Aṣọ ni wọ́n fi bo ara ẹ̀, apá ẹ̀ jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀, wáyà ló kún àárín, èèyàn mẹ́ta ló ń jókòó sínú ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ á máa gbá wọn lójú. Téèyàn bá wò ó, á rò pé ti ayé ogun àkọ́kọ́ ni. Síbẹ̀ òun ló gbéra lórí Ark Royal, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé báàlù, lálẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 1941, tó ju torpedo (bọ́ǹbù tó ń gba inú omi lọ) lu Bismarck, ọkọ̀ ogun Jámánì, tó ba ohun tí wọ́n fi ń tọ́ ọkọ̀ náà jẹ́, tí kò fi lè gba ibi tó fẹ́ lọ mọ́, tó fi rì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ark Royal yẹn kan náà ló kó Swordfish wá sí Dakar, lápá ọ̀dọ̀ tiwa nílé, ní oṣù Kẹsàn-án 1940. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí pé màá to ọ̀kan kí n gbé e sí pálọ̀.

Ibi ìtàn yìí gan-an ni ọ̀daràn yẹn gbà mú mi. Bá a ṣe ń kọ̀wé síra wa, ó ní bàbá bàbá òun wà lára àwọn tó fi Swordfish jagun, pé bàbá ló ra kíìtì náà kó tó kú, ojú òun ò sì gbà á kóun máa wò ó. Ó ní Ark Royal ni bàbá ti gbéra lọ ju torpedo ní Taranto, èbúté àwọn ọkọ̀ ogun Ítálì. Taranto! Orí ọkọ̀ míì tó ń jẹ́ Illustrious ni Swordfish 21 tó lọ síbẹ̀ ti gbéra lóru ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1940, kò kan Ark Royal rárá. Mo rí i. Mo rí i kedere, mo wá ń sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn, ta ló fẹ́ máa bá ọmọlọ́mọ jiyàn lórí bàbá ẹ̀ tó ti dolóògbé, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé wa nìyẹn, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ní ẹ̀kọ́ ilé kọ́ nìyẹn, mo kàn ya ọ̀dẹ̀ ni.

Ó wá ní kí n fi PayPal san án, kí n mú "friends and family", bí ẹni ń fowó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, kí wọ́n má bàa yọ nínú owó ẹ̀, ṣebí a ti dọ̀rẹ́. Mo mọ̀ pé téèyàn bá sanwó lọ́nà yẹn, PayPal ò ní dáàbò bo ọjà tó rà. Mo mọ̀! Ẹni tó bá sì lóun ò tíì ṣe irú ẹ̀ rí nígbà tí ohun tó ti ń wá dé iwájú ẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Kíìtì dé, páálí ẹ̀ ń dán. Wọ́n ń bi mí pé ṣé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò! Mo ṣí i, mo rí rọ́bà nínú nylon, mo rí ìwé ìtọ́ni, mo dé e padà, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì de ìgbà tí màá gba ìsinmi. Ta ló ń ka ẹ̀yà báàlù lọ́kọ̀ọ̀kan bí alájọ tó ń ka owó?

Ìsinmi dé, mo jókòó tì í. Mo kun inú ibi tí awakọ̀ ń jókòó, mo lẹ ara báàlù pọ̀, iṣẹ́ ti ń wọ̀ mí lára, mo ní kí n mú apá òkè. Ti ọ̀tún rèé. Mo mú ìkejì, ti ọ̀tún ni! Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, ọ̀tún náà ni. Apá ọ̀tún méjì, òsì ò sí! Mo bá gbé nylon sábẹ́ iná, àṣé wọ́n ti là á tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi sélótéèpù lẹ ẹnu ẹ̀ padà, ó mọ́ débi pé èékánná mi ló kọ́kọ́ kọ́ ọ kójú mi tó rí i. Wáyà onírin pẹlẹbẹ tó lóun fi kún un, èyí tí Tamiya ń tà lọ́tọ̀, férémù etí ẹ̀ nìkan ló kù, wọ́n ti gé gbogbo wáyà inú ẹ̀ lọ. Dígí iwájú awakọ̀ ti funfun, èéfín súpá gúlù ló ṣe bẹ́ẹ̀, ìtẹ̀ka ẹlòmíì ṣì wà lára ẹ̀. Ẹnì kan ti to kíìtì yìí dé àárín, ó pa á tì, wọ́n wá kó pàǹtírí ẹ̀ tà fún mi! Decal, àwòrán àmì tí wọ́n ń rẹ sómi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ báàlù ńkọ́? Mo rẹ ẹyọ kan sómi, ó fọ́ wẹ́wẹ́.

Ti ọ̀dà ló dùn mí jù. Extra Dark Sea Grey àti Dark Slate Grey ni wọ́n ń kùn sórí Swordfish ìgbà yẹn, Sky Grey wà lábẹ́. Ó kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, orúkọ pé lára wọn. Mo fi Dark Slate Grey sára báàlù, àṣé ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan ni wọ́n bù sínú ìgò onígò, tínà líle tí wọ́n fi là á sì jẹ rọ́bà náà, gbogbo egungun tó yẹ kó máa hàn lábẹ́ aṣọ ló yọ́ pa rẹ́ níṣojú mi. Ọ̀dà ọ̀fẹ́! Ọ̀fẹ́ ló ba èyí tí mo fowó rà jẹ́!

Mo kọ̀wé sí i pẹ̀lú sùúrù. Ó ní ó ṣeé ṣe káwọn ọmọ mi ti fi ṣeré. Àwọn ọmọ mi! Kí n tó fèsì, ó ti búlọ́ọ̀kì mi.

Mi ò gbà wọ́n gbọ́ mọ́ o, gbogbo wọn pátá. Èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù ń fi owó lé owó torí ó mọ̀ pé ọjà ti wọ́n, èyí tó ń tà nílé ń ta ìyókù ìyókù. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ gbogbo rọ́bà sílẹ̀ kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú déètì ọjọ́ yẹn, àwòrán ẹ̀yà wà nínú ìwé ìtọ́ni, ẹ fi wé e, lẹ́tà ara férémù rọ́bà kọ̀ọ̀kan sí ti inú ìwé. Ẹ fi káàdì sanwó tàbí kẹ́ ẹ mú "goods and services", ti ọjà, lórí PayPal. Decal tẹ́ ò ní lò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rẹ sómi. Ọ̀dà, ẹ dán an wò lára ṣíbí rọ́bà. Ó tán.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní apá òsì ti òkè tí kò lò, kó kàn sí mi, apá ọ̀tún kan wà lọ́wọ́ mi tá a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ ná.