Máńgòrò: ká gbin kóró ni, àbí ká ra èyí tí wọ́n lẹ ẹ̀ka mọ́?

Kóró kì í náni ní nǹkan kan: ẹ jẹ máńgòrò tán, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Àmọ́ ó lè gbà tó ọdún 5 sí 8 kó tó so, adùn rẹ̀ sì lè má jọ ti ìyá rẹ̀ rárá.

Èyí tí wọ́n lẹ ẹ̀ka mọ́, ìyẹn ọ̀gbìn kékeré tí wọ́n lẹ ẹ̀ka igi máńgòrò tó ti ń so èso mọ́ lára, máa ń wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń so láàárín ọdún 3 sí 5. Ẹ má fi iyẹ̀pẹ̀ bo ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ o! Ẹ̀ka tó bá yọ nísàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ gé e dànù. Èyí tí wọ́n lẹ ẹ̀ka mọ́ ni èmi máa mú. Kóró dáa fẹ́ni tó ní ilẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ, tí kò sì kánjú.