Dọ́là Márùn-ún Tàbí Dọ́là Mẹ́wàá? Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ṣa Ẹ̀yà Dáì Owó Wúrà Amẹ́ríkà Àtijọ́

Ìwọ̀n owó àti ìtàn ilé tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ní Philadelphia kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti ń ṣa owó wúrà, ẹ jẹ́ ká fò wọ́n. Ohun tó jà jù ni dáì, irin tó ń tẹ àwòrán sára owó. Òòlù ni wọ́n fi ń gbá lẹ́tà, ìràwọ̀ àti ọdún wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí méjì tó bára mu délẹ̀. Owó tí dáì iwájú kan àti dáì ẹ̀yìn kan jọ tẹ̀ la ń pè ní ẹ̀yà dáì kan. Ìbéèrè tó kù ni ibi tí owó rẹ máa kọ́kọ́ wọlé sí: dọ́là mẹ́wàá (1795 sí 1804) tàbí dọ́là márùn-ún (1795 sí 1834).

Dọ́là mẹ́wàá kì í fi ara pamọ́. Ti 1795, ka ewé tó wà lórí ẹ̀ka tí idì dúró lé: mẹ́tàlá ló wọ́pọ̀, mẹ́sàn-án (BD-3) ló ṣọ̀wọ́n. BD, ìyẹn Bass-Dannreuther, ni nọ́ńbà tí a fi ń pe ẹ̀yà dáì kọ̀ọ̀kan. Ti 1798, ìràwọ̀ mẹ́sàn-án lósì àti mẹ́rin lọ́tùn-ún ni BD-1. Méje lósì àti mẹ́fà lọ́tùn-ún ni BD-2, èyí tó ṣọ̀wọ́n jù. Ojú lásán tó o. Àmọ́ ohun tí ojú rẹ rí, ojú ẹni tó ń tà á ti rí i ṣáájú, wàá sì san án dórí kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Ibi tí ènìyàn ṣì ti lè rí he ni ti 1803 kan, tí ìràwọ̀ kẹrìnlá bíńtín sá pamọ́ sínú ìkùukùu lẹ́yìn owó náà.

Dọ́là márùn-ún ń fẹ́ awò onílọ̀ọ́po mẹ́wàá àti iná kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́. Wo 1806: èyí tí orí 6 rẹ̀ ní kókó, ìràwọ̀ méje àti mẹ́fà, ló wọ́pọ̀ jù. Èyí tí orí 6 rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ní mẹ́jọ àti márùn-ún, ó sì pín sí ẹ̀yà bíi mélòó kan. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, wo àyè tó wà láàárín ìràwọ̀ àkọ́kọ́ àti irun obìnrin tó wà lójú owó, lẹ́yìn náà àyè láàárín 6 àti àyà rẹ̀, kí o tó yí i padà wo ìràwọ̀ tí àgógó idì kàn. Bí ìlà kan bá yọ sókè lára owó, dáì ló là. Bó bá wọnú, owó ló fara pa. Dáì tó là kì í sọ ọ́ di ẹ̀yà mìíràn, nọ́ńbà BD kan náà ni.

Nọ́ńbà R, tó ń sọ bí ẹ̀yà kan ṣe ṣọ̀wọ́n tó, ló ń jẹ owó èèyàn. Tí a bá ní nǹkan wọ́n, ó lè jẹ́ pé kò pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó lówó lórí. Nínú ẹ̀yà dáì, méjèèjì kì í sábà rìn pọ̀. R-7 ni pé ẹyọ 4 sí 12 ló kù; R-4 jẹ́ 76 sí 200. Olùtajà á kọ R-7 gàdàgbà, á lé owó sí i. Ọjọ́ tí o bá gbé e lọ sí gbàǹjo ni wàá mọ̀ pé ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ máa wá BD yẹn kan náà kí iye tó gòkè; bí wọn ò bá sí níbẹ̀, iye èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dún náà ni wọ́n á fún ọ. Nọ́ńbà náà sì ń já wálẹ̀. PCGS àti NGC, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò tí wọ́n sì ń dè é mọ́ inú ike, ń gba owó lọ́tọ̀ kí wọ́n tó kọ BD sórí ike náà, torí náà ọ̀pọ̀ owó ló wà nínú ike tí a ò tíì wo dáì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wò wọ́n, R-7 ń di R-6.

Má sì san àfikún owó nítorí ọdún-lórí-ọdún (ọdún tuntun tí wọ́n gbá lé ti àtijọ́ nínú dáì) lórí dọ́là márùn-ún 1802 tàbí 1803. Gbogbo ti 1802 pátá ló ní 1 lábẹ́ 2, gbogbo ti 1803 ló ní 2 lábẹ́ 3.

Ojú ayùn irin tó tò lọ gbọọrọ lára owó kì í ṣe àbùkù ńlá: wúrà tó tẹ̀wọ̀n jù ni wọ́n ń pọ́n kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti jó ìkọ́ ẹ̀gbà ọrùn mọ́ etí rẹ̀ ni kí o sá fún, nínú méjèèjì.

Ẹni tó fẹ́ kó gbogbo ọdún pé, kó gbàgbé dọ́là márùn-ún: ti 1822, mẹ́ta ló kù, méjì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kẹta sì lọ ní mílíọ̀nù dọ́là 8.4 ní 2021. Dọ́là mẹ́wàá dára fún ẹni tó fẹ́ owó tó kún ọwọ́, tí olùrà ọ̀la máa dá mọ̀ láìsí àlàyé. Ẹni tó bá ní sùúrù, kó ra dọ́là márùn-ún 1806 oníkókó kan kọ́ ojú, kó wá máa wá ti ṣóńṣó nínú ike tí kò ní BD lára.